Àwọn obìnrin inú ewì Homer: kí ló fa awuyewuye tó ń lọ lórí wọn?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ilé iṣẹ́ fíìmù Universal kéde pé Christopher Nolan, olùdarí fíìmù, fẹ́ fi Odyssey, ewì Homer, ṣe fíìmù, wọ́n sì dá ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2026 fún un. Láti ìgbà náà ni ewì àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ti di ohun tí àwọn èèyàn ń bá ara wọn fà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan á ní àwọn èèyàn òde òní ti fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin ba iṣẹ́ Homer jẹ́. Ẹlòmíì á fèsì pé àwọn ọkùnrin tó ń túmọ̀ rẹ̀ ló ti bà á jẹ́ tipẹ́. Bí èèyàn bá fara balẹ̀ gbọ́ wọn, á rí i pé ohun tí wọ́n ń wò kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹnì kan ń sọ ohun tó wà nínú èdè Gíríìkì, èkejì ń sọ ohun tó kà nínú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kẹta ò sì ka nǹkan kan ju ohun tó rí nínú fíìmù nígbà tó wà ní kékeré.

## Ewì wo là ń sọ gan-an?

Méjì ni wọ́n. Iliad, tó dá lórí ogun tí àwọn ará Gíríìsì gbé ja ìlú Troy, lé ní 15,000 ìlà. Odyssey, tó dá lórí bí Odysseus ṣe padà sílé lẹ́yìn ogun náà, lé ní 12,000. Apá 24 ni wọ́n sì pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Homer ni ayé ń pe ẹni tó ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ẹnì kan ni àbí ọ̀pọ̀ èèyàn. Èyí tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jiyàn lé lórí ni pé ẹnu ni ewì náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn akéwì ló ń kì í lójú agbo kó tó di ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, ní nǹkan bí 2,700 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìjálá tàbí rárà rí á tètè dá ọwọ́ wọn mọ̀, torí orúkọ èèyàn kì í dá rìn níbẹ̀, oríkì ló máa ń tẹ̀ lé e: Achilles ẹlẹ́sẹ̀ eré, Odysseus ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, Hera alápá funfun, Penelope aláròjinlẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Iliad kò sọ gbogbo ogun Troy. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ọdún kẹwàá ogun náà ló sọ, kò sì débi tí ìlú ti wó. Ẹṣin onígi tí gbogbo èèyàn mọ̀ kò sí níbẹ̀, inú Odyssey la ti gbọ́ nípa rẹ̀.

## Ipò wo làwọn obìnrin wà nínú rẹ̀?

Kí èèyàn tó dáhùn, ó ní láti kọ́kọ́ béèrè pé: ọmọ ni obìnrin yìí àbí ẹrú? Nínú ewì Homer, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fò kọjá.

Ẹ wo apá 23 Iliad. Achilles, akọni jagunjagun àwọn ará Gíríìsì, ń ṣe ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, Patroclus, ó sì ṣètò ìdíje. Nígbà tó kan ìjàkadì, ó gbé ẹ̀bùn méjì sílẹ̀. Ẹni tó bá borí á gba ìkòkò ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kaná, àwọn ọmọ ogun sì dá iye lé e ní màlúù 12. Ẹni tí wọ́n bá dá á gba obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ lóríṣiríṣi. Màlúù mẹ́rin ni wọ́n dá lé òun. Ìkòkò kan, obìnrin mẹ́ta. Akéwì ò tilẹ̀ mí kanlẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ sídìí eré sísá.

Nínú Odyssey, wọ́n ní nígbà tí Laertes, bàbá Odysseus, ra Eurycleia ní ọ̀dọ́mọbìnrin, iye màlúù 20 ló san lórí rẹ̀. Ó bu ọlá fún un nínú ilé bí ìyàwó, àmọ́ kò bá a sùn, nítorí kò fẹ́ kí inú bí ìyàwó òun. Akéwì kà á sí ìwà rere débi pé ó yà á sọ́tọ̀ sọ, èyí tó jẹ́ ká mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí láwọn ilé tó kù.

Briseis, obìnrin tí Achilles kó lẹ́rú lójú ogun, ló yani lẹ́nu jù. Òun ni gbogbo ìjà Iliad dá lé: Agamemnon, olórí ogun àwọn ará Gíríìsì, gbà á lọ́wọ́ Achilles, Achilles bínú, ó ní òun ò jagun mọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì kú. Síbẹ̀ nínú ìlà tó lé ní 15,000 yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Briseis la ẹnu, ní apá 19, fún ìlà 14. Òkú Patroclus ló ń sunkún lé. Ó ní ojú òun ni wọ́n ti pa ọkọ òun àtàwọn ọmọ ìyá òun mẹ́ta, pé Achilles ló pa ọkọ òun tó sì kó ìlú wọn. Ó ní Patroclus nìkan ló ń rẹ òun lẹ́kún, tó ṣèlérí pé òun á jẹ́ kí Achilles fi í ṣe aya gidi. Ẹrú ni àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà, wọ́n sì gbè é lẹ́kún. Akéwì wá fi gbólóhùn kan sí i: wọ́n fi Patroclus bojú ni, ìbànújẹ́ ara rẹ̀ ni kálukú ń sunkún lé.

## Àwọn tí kì í ṣe ẹrú ńkọ́?

Àwọn wọ̀nyẹn lẹ́nu ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì máa ń gbọ́n. Ní apá 6 Iliad, Andromache lọ pàdé ọkọ rẹ̀, Hector, akọni jagunjagun Troy, lẹ́nu bodè, ìránṣẹ́bìnrin kan sì gbé ọmọ wọn tẹ̀ lé e. Ẹkún nìkan kọ́ ló sun. Ó fún un nímọ̀ràn ogun: kó kó àwọn ọmọ ogun sẹ́bàá igi ọ̀pọ̀tọ́, nítorí ibẹ̀ ni odi ìlú ti rọrùn láti gùn, àwọn ọ̀tá sì ti gbìyànjú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Hector ò dáhùn ọ̀rọ̀ odi náà. Ohun tó sọ ni ẹ̀rù tó ń bà á: pé lọ́jọ́ kan, ìyàwó òun á máa hun aṣọ nídìí òfì obìnrin mìíràn, á máa pọn omi ní ìsun ìlú onílùú. Òwe wa tó sọ pé bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ, ohun tó ń dẹ́rù ba Hector gan-an nìyẹn, torí ọjọ́ kan péré ló wà láàárín méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n pa Hector ní apá 22, Andromache ò tíì gbọ́. Ó wà nínú ilé, ó ń hun aṣọ, ó sì ti ní kí àwọn ìránṣẹ́bìnrin gbé omi kaná kí ọkọ òun lè fi omi gbígbóná wẹ̀ bó bá ti ojú ogun dé. Ìgbà tó gbọ́ igbe láti orí odi ni ohun èlò òfì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òkìkí ọkùnrin kọ́ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí Iliad. Ìdárò obìnrin mẹ́ta lórí òkú Hector ni: Andromache, Hecuba ìyá rẹ̀, àti Helen.

Helen náà wà níbẹ̀, obìnrin tí wọ́n ní torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jagun. Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, aṣọ aláwọ̀ àlùkò ló ń hun, àwòrán ogun tó ń lọ níta ló sì ń hun sí i.

Nínú Odyssey, ọ̀rọ̀ tún fẹjú sí i. Nausicaa, ọmọ ọba Phaeacia, ìlú tí òkun gbé Odysseus dé, kìlọ̀ fún Odysseus pé bó bá dé ààfin, kó kọjá bàbá òun, kó lọ di orúnkún ìyá òun, Arete, mú, torí bí inú obìnrin náà bá yọ́ sí i, á rí ilé lọ. Athena, òrìṣà obìnrin, ni alátìlẹ́yìn Odysseus láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sì sẹ́ni tó fi ẹjọ́ ọ̀ràn ìfẹ́ sùn bíi Calypso, òrìṣà obìnrin mìíràn, ní apá 5: ó ní ẹ̀yin òrìṣà ọkùnrin, ìlara yín pọ̀ jù, bí òrìṣà obìnrin bá ti mú èèyàn ẹlẹ́ran ara lọ́kọ, ẹ ò ní gbà. Ó dárúkọ àwọn tí wọ́n ti pa nítorí rẹ̀. Ọdún méje ni òun fúnra rẹ̀ sì dá Odysseus dúró ní erékùṣù rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ló ń rojọ́.

## Ṣé lóòótọ́ ni Telemachus lé ìyá rẹ̀ wọlé?

Lóòótọ́ ni, ibẹ̀ sì ni wọ́n máa ń fà yọ jù. Ní apá 1 Odyssey, olórin ààfin ń kọrin nípa bí àwọn ará Gíríìsì ṣe jìyà lójú ọ̀nà ilé. Penelope, ìyàwó Odysseus, sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá rẹ̀, ó ń sunkún, ó ní kó kọ orin mìíràn. Ọmọ rẹ̀, Telemachus, ní kó padà sínú ilé, kó lọ mójú tó iṣẹ́ rẹ̀, òfì àti ìrànwú, torí ọ̀rọ̀ sísọ, ọkùnrin ló ni ín. Ní ọdún 2014, ọ̀jọ̀gbọ́n Mary Beard ti Cambridge fi ibẹ̀ ṣí ọ̀rọ̀ tó sọ ní British Museum lórí bí wọ́n ṣe ń pa obìnrin lẹ́nu mọ́ ní gbangba, látìgbà náà ló sì ti gbilẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pín in kiri ò mọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni gbólóhùn yẹn wá nínú ewì méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń yí padà. Hector ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Andromache lẹ́nu bodè: lọ sídìí òfì àti ìrànwú, ogun, ọkùnrin ló ni ín. Telemachus fi “ọ̀rọ̀” rọ́pò “ogun”. Ní apá 21, òun kan náà tún sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ó wá fi “ọrun” rọ́pò rẹ̀, ìyẹn ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà.

Àwọn kan kà á pé òfin ayé ìgbà náà ni akéwì ń kéde. Àwọn míì ní rárá, ẹ wo ẹnu ẹni tó fi í sí: ọmọdékùnrin tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, tó yá ọ̀rọ̀ akọni lò kó lè dà bí ọkùnrin níwájú àwọn tó ń jẹ dúkìá bàbá rẹ̀. Penelope alára, ewì ní ẹnu yà á ni. Ó padà sókè, ó sì fi ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ sọ́kàn.

## Penelope ńkọ́, ṣé obìnrin tó kàn jókòó dúró ni?

Ogún ọdún ni ọkọ rẹ̀ fi wà lájò. Ọkùnrin 108 ló kóra jọ sílé rẹ̀, wọ́n ń pa màlúù rẹ̀ jẹ, wọ́n ń mu wáìnì rẹ̀, wọ́n ní àfi kó mú ọ̀kan nínú àwọn lọ́kọ. Kò lè lé wọn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ hun aṣọ tí wọ́n máa fi sin Laertes, bàbá ọkọ òun, kí àwọn obìnrin ìlú má bàa sọ̀rọ̀ òun láìdáa. Ó ń hun ún lọ́sàn-án, ó ń tú u lóru nídìí iná àtùpà. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kẹrin, àwọn ẹrúbìnrin inú ilé tú àṣírí rẹ̀.

Kódà nígbà tí Odysseus dé tó sì pa àwọn ọkùnrin náà tán, Penelope ò rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó pàṣẹ fún Eurycleia, Odysseus sì ń gbọ́, pé kó gbé ibùsùn jáde láti yàrá. Odysseus fara ya: ta ló ti gé ibùsùn òun? Igi ólífì tó ṣì fìdí múlẹ̀ lóun fi gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ṣeé gbé! Àwọn méjèèjì àti ìránṣẹ́bìnrin kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni Penelope ṣe mọ̀ pé ọkọ òun ni. Ọkùnrin tí gbogbo ayé ń kì ní ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, ìyàwó rẹ̀ ló mú un.

Ohun kékeré kan tún wà nínú apá 21. Nígbà tí Penelope mú kọ́kọ́rọ́ láti lọ gbé ọrun ọkọ rẹ̀, ewì ní ọwọ́ rẹ̀ “ki”. Irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe ọwọ́ jagunjagun ni. Ọ̀pọ̀ atúmọ̀ ò mọ ohun tí wọ́n máa fi í ṣe. Ọbabìnrin tó rẹwà, ọwọ́ tó ki? Àwọn kan rọra sọ ọ́ di ọwọ́ tí kò gbọ̀n, àwọn kan fò ó. Ẹni tó bá mọ obìnrin tó ti hun aṣọ fún ogún ọdún kò ní bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó jẹ́ kó ki.

## Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin 12 fi ń fa ìjà jù?

Ní apá 22, lẹ́yìn tí Odysseus ti pa àwọn ọkùnrin náà, ó béèrè lọ́wọ́ Eurycleia pé nínú àádọ́ta ẹrúbìnrin tó wà nílé, àwọn wo ló dalẹ̀? Eurycleia ní méjìlá. Wọ́n ní kí àwọn méjìlá náà kọ́kọ́ kó òkú jáde, kí wọ́n fọ tábìlì àti àga tí ẹ̀jẹ̀ ti bò. Odysseus ní kí wọ́n fi idà pa wọ́n. Telemachus ní irú ikú tó mọ́ bẹ́ẹ̀ ò tọ́ sí wọn. Ó so okùn ọkọ̀ ojú omi mọ́ òpó, ó sì fà á ga débi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ti ní kanlẹ̀. Akéwì fi wọ́n wé àdàbà tó ń lọ sùn tó wá kó sínú àwọ̀n lójú igbó. Ẹsẹ̀ wọn jà fún ìgbà díẹ̀, kò pẹ́ rárá.

Ibi tí awuyewuye ti bẹ̀rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà ni “dmōiai”, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹrúbìnrin. Ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pè wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀. Àwa tó ń sọ Yorùbá lè tètè rí ohun tó ti yí padà níbẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ń gbowó oṣù, ó sì lè lọ kí àwọn òbí rẹ̀ lọ́dún Kérésì kó má padà wá mọ́. Ìwọ̀fà ń sìn nítorí owó, ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà, ó ti bọ́ nìyẹn. Ẹrú ò ní ọ̀nà méjèèjì. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá bá ọ̀tá ọ̀gá rẹ̀ sùn, a lè bi í pé kí ló dé. Ẹrú tí ọkùnrin olóhun ìjà gbá mú nínú ilé tí ọ̀gá ò sí ńkọ́, ṣé ó lè kọ̀?

Ẹ̀kejì ni èébú. Níbi tí Telemachus ti ń dájọ́ wọn, èdè Gíríìkì kàn ní “àwọn wọ̀nyí”, tó fi hàn pé obìnrin ni wọ́n, ó sì sọ ẹ̀sùn tó fi kàn wọ́n: wọ́n bú èmi àti ìyá mi, wọ́n sì ń sùn ti àwọn ọkùnrin náà. Àwọn atúmọ̀ ńlá kan ní ọ̀rúndún ogún, bíi Robert Fagles, fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí aṣẹ́wó kún un.

## Ta ni Emily Wilson, kí ló sì ṣe?

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní University of Pennsylvania ni. Ní ọdún 2017, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó tẹ ìtumọ̀ odindi Odyssey jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní Faransé, Anne Dacier ti túmọ̀ ewì méjèèjì ní ohun tó lé ní 300 ọdún sẹ́yìn, nítorí náà kì í ṣe obìnrin àkọ́kọ́ láyé bí àwọn kan ṣe ń sọ. Wilson tẹ Iliad tirẹ̀ jáde lọ́dún 2023, àmọ́ Caroline Alexander ti ṣáájú rẹ̀ nínú ìyẹn.

Wilson pe ẹrú ní ẹrú. Èébú tí kò sí nínú Gíríìkì, kò fi sí i. Ọ̀rọ̀ Helen ní apá 4 Odyssey náà wà níbẹ̀: Helen pe ara rẹ̀ ní “olójú ajá”, àwọn kan túmọ̀ ìyẹn náà sí aṣẹ́wó. Wilson tún un sọ kí ajá lè kù síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ má sì wọ̀ ọ́, torí ní ewì Homer, ojú ajá lè jẹ́ àìnítìjú lásán. Achilles bú Agamemnon, ọkùnrin bíi tirẹ̀, ní olójú ajá ní apá 1 Iliad.

## Kí ni àwọn tí kò gbà fún un ń sọ?

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń bínú nítorí obìnrin. Ẹ̀sùn kan ni pé èdè rẹ̀ ti rọrùn jù, pé ewì tó yẹ kó dún bí ìlù gbẹ̀du ń dún bí ọ̀rọ̀ ìròyìn. Èkejì ni pé ó ń yí oríkì padà láti ibì kan dé ibòmíràn, nígbà tó jẹ́ pé àtúnwí ni ọkàn ewì àfẹnusọ. Ẹni tó bá mọ oríkì kò ní fọwọ́ rọ́ ẹ̀sùn yìí sẹ́yìn.

Lórí àwọn 12, àwọn alátakò ní Gíríìkì fúnra rẹ̀ ò dá wọn láre. Eurycleia ní ìwà àìnítìjú ni wọ́n ń hù. Ní apá 20, Odysseus gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń jáde lọ bá àwọn ọkùnrin náà, inú sì bí i débi pé ọkàn rẹ̀ ń gbó bí abo ajá tó bímọ. Wọ́n ní ìtumọ̀ tó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún wọn ti ń sọ ohun tí akéwì ò sọ.

Àwọn tó wà lódìkejì náà ní ìlà tiwọn nínú ìwé kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ apá 22, Odysseus ka ẹ̀sùn sí àwọn ọkùnrin náà lọ́rùn kó tó pa wọ́n, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni pé tipátipá ni wọ́n fi ń bá àwọn ẹrúbìnrin òun sùn. Nǹkan bí 400 ìlà lẹ́yìn náà, wọ́n so mẹ́jìlá nínú àwọn obìnrin yẹn kọ́ nítorí pé wọ́n sùn tì wọ́n. Gbólóhùn méjèèjì ló wà nínú ewì. Akéwì ò bá wọn parí ìjà.

## Òótọ́ ni pé obìnrin ló kọ Odyssey?

Èrò Samuel Butler, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nìyẹn. Ó kọ odindi ìwé lé e lórí ní ọdún 1897, ó ní ọmọbìnrin kan ní Sicily ni, torí ẹni tó kọ ọ́ mọ inú ilé ju ọkọ̀ ojú omi lọ. Díẹ̀ làwọn onímọ̀ tó gbà á. Àwọn tó ń pín in kiri báyìí bí àṣírí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

## Ṣé ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀dọ̀ tiwa rí?

Ó ti dé. Ní ọdún 2004, wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré Women of Owu tí Fẹ́mi Òṣófisan kọ, ní Chipping Norton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orí eré tí Euripides, òǹkọ̀wé eré ará Gíríìsì àtijọ́, kọ nípa àwọn obìnrin Troy ló gbé e lé, àmọ́ kì í ṣe Troy ló wó níbẹ̀. Òwu ni, tí àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé para pọ̀ run ní àwọn ọdún 1820. Ọba kú, àwọn ọkùnrin kú. Àwọn obìnrin jókòó níta ìlú tó ti jóná, wọ́n ń retí kí wọ́n wá sọ fún kálukú, ọ̀gágun tí wọ́n pín in fún.